Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Wọ́n ti yọ pólíìpù tán, kí la tún ń padà lọ ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ọdún 52 ni mí, awakọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń rí ẹ̀jẹ̀ lára ìgbẹ́, mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo ń mu àgbo jẹ̀dí láràárọ̀ kí n tó wọ mọ́tò. Ọmọ mi ló fipá mú mi lọ ọsibítù, wọ́n ṣe colonoscopy fún mi (wọ́n fi kámẹ́rà wo inú ìfun mi), wọ́n rí pólíìpù mẹ́ta (ẹran kéékèèké tó ń hù nínú ìfun), ọ̀kan nínú ẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, wọ́n yọ gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà. Dókítà wá ní kí n padà wá lẹ́yìn ọdún 3. Ìyàwó mi ní owó ni wọ́n fẹ́ gbà, pé nǹkan tí wọ́n ti yọ, kí la tún ń wá lọ? Ṣé mo sì lè máa mu àgbo mi lọ? (Bàbá Ìbejì, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu o, Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí ọmọ yẹn dáadáa. Ìbéèrè ìyàwó yín ò burú rárá o. Èyí tí wọ́n yọ ti lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ìfun tó hu mẹ́ta ṣì lè hu òmíì níbòmíì, èyí tó kéré gan-an sì lè fara pamọ́ síbi tí ìfun ti ṣẹ́ po kí dókítà má rí i. Ọ̀pọ̀ pólíìpù ò ní di jẹjẹrẹ láéláé, ṣùgbọ́n irú tí wọ́n ń pè ní adenoma, tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè yí padà, ó sì máa ń tó nǹkan bí ọdún 10 kó tó yí, kò sì ní dun èèyàn títí táá fi yí. Ìdí tí wọ́n fi ń padà lọ wò nìyẹn.

Ti owó yẹn, tó bá jẹ́ owó ni wọ́n ń wá, ṣebí ọdún tó ń bọ̀ ni wọn ò bá ní kẹ́ ẹ wá! Bí wọ́n ṣe ń ka ọdún ẹ̀ ni pé wọ́n á wo iye tí wọ́n yọ, bó ṣe tóbi tó, àti irú tó jẹ́. Nínú ìlànà táwọn dókítà Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2020, adenoma kékeré kan tàbí méjì, ó di ọdún 7 sí 10; kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọdún 3 sí 5; tí ọ̀kan bá ti tó sẹ̀ǹtímítà kan, ọdún 3, ibi tẹ́ ẹ bọ́ sí nìyẹn. Tó bá ju mẹ́wàá lọ, ọdún kan péré. Èyí tó tóbi gan-an tí wọ́n gé ní wẹ́wẹ́, oṣù 6. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ gba ìwé èsì láàbù tó sọ irú pólíìpù tó jẹ́, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lọ sílé tí wọn ò ní padà wá gbà á, tí dókítà míì bá wá bi wọ́n wọ́n á ní “wọ́n yọ nǹkan kan.” Ẹ yà á sínú fóònù.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n yọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ kì í ṣe nǹkan, àmọ́ tó bá pọ̀, tó ń dì, tí inú bá ń run yín gan-an tó sì le gbandi, tí ibà bá dé tàbí òòyì ń kọ́ yín, ọsibítù ni lóru yẹn, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ má gbé ẹrù wúwo. Ẹ má sì lo Alábùkún, aspirin wà nínú ẹ̀, aspirin kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dá (ẹni tí dókítà fún ní aspirin nítorí ọkàn, kó bi dókítà kó tó dá a dúró).

Àgbo jẹ̀dí ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀, ọtí wà lára ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ìfun, ká má tíì sọ ti pé awakọ̀ ni yín. Ohun tó dùn mí jù ni ọdún méjì yẹn. Kò sí àgbo tó lè yọ pólíìpù, tí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ ẹ má fún un lórúkọ fúnra yín.

Oúnjẹ: ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ọkà bàbà, ọsàn tẹ́ ẹ jẹ pẹ̀lú háhá ẹ̀. Ẹ dín ẹran pupa kù, sọ́sééjì ni kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ pátápátá, láti 2015 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ka irú ẹran bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Sìgá náà, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Tí mọ́tò bá dúró ní gáréèjì, ẹ máa rìn yí ká. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ padà ṣe colonoscopy, kò sí zobo o, àwọ̀ pupa ẹ̀ á jọ ẹ̀jẹ̀ lójú dókítà.

Àwọn ọmọ yín àti àwọn tẹ́ ẹ jọ jẹ́ ọmọ ìyá ńkọ́? Tí ìwé èsì láàbù yẹn bá sọ pé adenoma ni, kí wọ́n lọ ṣe colonoscopy tiwọn nígbà tí wọ́n bá pé ogójì. Ẹni tó ti ju ogójì lọ, kó lọ báyìí.

Ìbéèrè: Ìyá mi ní jẹjẹrẹ ìfun ńlá lọ́mọ ọdún 46. Ọmọ ọdún 33 ni mí, nǹkan kan ò ṣe mí. Ìgbà wo ni kí n lọ ṣe colonoscopy? (Adúkẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde)

Ìdáhùn: Adúkẹ́, ọdún 10 ṣáájú ọjọ́ orí tí ìyá ẹ fi ní i ni: yọ 10 kúrò nínú 46, ó ku 36, ìgbà yẹn ni, má dúró de 40. Ṣùgbọ́n bi àwọn àǹtí àti bùrọ̀dá ìyá ẹ bóyá ẹlòmíì ní jẹjẹrẹ ìfun tàbí ti ilé ọmọ rí, torí tó bá wà, dókítà lè ní kó o wá báyìí.