Kí ló dé tí pẹpẹ plywood ń mì nínú kòtò tí mo gbẹ́ sára ìhà àpótí ìwé mi?

Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára plywood lo gbà gbọ́. Èyí tí wọ́n ń pè ní mìlímítà 18 sábà máa ń fi díẹ̀ tín jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀bẹ mìlímítà 18 ti router (ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀bẹ yíyípo gbẹ́ igi) á sì gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ jù. Lo ọ̀bẹ mìlímítà 12 tó ní bíárìn lórí (òrùka kékeré tó ń yí, tó ń tọ ara igi atọ́nà), kí o de igi atọ́nà méjì mọ́ ìhà àpótí náà, kí o gbẹ́ kòtò náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kọ̀ọ̀kan. Àjákù plywood yẹn gan-an ni kí o fi wọn àyè àárín igi méjèèjì, gbàgbé rúlà. Kí kòtò náà jìn tó mìlímítà 6, ó ti tó. Kọ́kọ́ dán an wò lára àjákù: ọwọ́ nìkan ló yẹ kó tì í wọlé, kó má sì já bọ́ tí o bá dojú rẹ̀ dé. Tó bá fún jù, má fi sáńpépà ha á ṣáá o, awọ òkè plywood fẹ́lẹ́ gan-an.