Ta ni yóò gba okùn ajá mi lọ́wọ́ mi?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà ẹran, okun o. Ẹni ọdún 71 ni mí, tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, Mọ̀pà ni mò ń gbé. Ọkọ mi ti lọ. Ọmọ mi kan wà ní Àbújá, èkejì wà ní Jámánì. Èmi, ajá mi Tanimọ̀la, àti ológbò kan la kù nílé. Ajá náà ti pé ọdún 4. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ ríru dá mi dúró sí ọsibítù fún ọjọ́ 9. Ìgbà tí mo fi máa padà dé, mo lè ka egungun ìhà ajá mi. Ẹ̀rù wá ń bà mí: bí mo bá kú ńkọ́? Ọmọ mi ní kí n má ronú, pé ẹbí á tọ́jú ẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kọ ajá sínú ìwé ìhágún, kí n fi owó sílẹ̀ fún un. Ẹlòmíì ní kí dókítà kúkú fún un ní abẹ́rẹ́ kó máa tẹ̀ lé mi lọ. Èwo ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Okun o, Màmá. Ẹ kú ewu ọsibítù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti abẹ́rẹ́ kúrò ńlẹ̀. Ajá kì í ṣe abọ́bakú. Bó bá jẹ́ pé ó ti darúgbó, tí àìsàn tí kò gbóògùn ń jẹ ẹ́ níyà, a lè jókòó sọ ọ́. Ajá ọlọ́dún 4 tó ṣì ń lé adìẹ kiri àgbàlá, èmi ò ní gún un lábẹ́rẹ́ yẹn, mi ò sì rò pé ẹ̀yin náà fẹ́ ẹ látọkàn. Ajá tó bá rí ìtọ́jú máa ń lo ọdún 10 sí 13. Ọjọ́ ṣì pọ̀ níwájú ẹ̀.

Ó wá ku “ẹbí á tọ́jú ẹ̀”. Màmá, gbólóhùn yẹn ni mo bẹ̀rù jù. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n pè mí sí ilé bàbá kan nítòsí Kàbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sin. Torí èrò tó ń wọlé, wọ́n ti fi ṣéènì so ajá bàbá mọ́ ìdí máńgòrò lẹ́yìnkùlé. Wọ́n pa màlúù, ìrẹsì ṣẹ́ kù, gbogbo àgbàlá ń ta sánsán ẹran díndín. Ọjọ́ 5 ni ajá lò nídìí igi. Ó ti yí igi po títí ṣéènì fi kúrú, ẹnu rẹ̀ ò kan abọ́ omi mọ́. Awọ ọrùn rẹ̀ ti bó, ìdin sì ti wà nínú egbò. Mo bi àwọn ọmọ bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kálukú ló rò pé ẹnì kan ti fún un lóúnjẹ. Kò sí ìkà nínú wọn, kò sì sí ẹni tó purọ́.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ múra sílẹ̀ dè, ìwé ìhágún ò sì lè ràn yín lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n sábà máa ń ṣí i, bẹ́ẹ̀ òkú ẹlòmíì ń lo oṣù méjì ní mọ́ṣúárì. Nítorí náà, kí ẹ tó wá lọ́yà, ẹ wá ènìyàn. Ẹnì kan ṣoṣo, tí a lè dárúkọ rẹ̀, tí ilé rẹ̀ ò jìnnà, tó fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ọmọ yín tó wà ní Àbújá kọ́. Ẹ máa wo bí ajá ṣe ń ṣe sí onítọ̀hún, àti bí òun náà ṣe ń ṣe sí ajá nígbà tí kò mọ̀ pé ẹ ń wo òun. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fò ó. Bó bá jẹ́ ọkùnrin tó níyàwó, ẹ bi ìyàwó rẹ̀ náà, torí òun ni yóò máa tẹ èbà ajá. Kí ẹ sì ní ẹnì kejì tí yóò gbà á bí ti àkọ́kọ́ ò bá ṣeé ṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí Tanimọ̀la lọ máa sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìsinsìnyí. Bí ọsibítù bá tún dé (Ọlọ́run ò ní jẹ́), ilé tó mọ̀ ló ń lọ.

Ẹ kọ ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ fún aládùúgbò ní ẹ̀dà: orúkọ ẹni tí yóò wá mú un àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ohun tó ń jẹ, ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà pé kò gbọdọ̀ jẹ egungun adìẹ tí a ti sè, torí ó máa ń ṣẹ́ ṣónṣó, á sì gún un ní ìfun. Ọjọ́ ìnáwó òkú ni irú egungun bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ jù nílẹ̀.

Ẹ fi káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi rẹ̀ sínú ọ̀rá, kí ẹ gbé e sọ́dọ̀ ìwé yẹn. Ẹ ò mọ bí káàdì yẹn ṣe lágbára tó. Àlejò kún ilé, ajá ò rí olówó rẹ̀, ẹnì kan gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ajá bù ú jẹ. Bí kò bá sí káàdì, wọ́n á pariwo dìgbòlugi, wọ́n á sì ti lù ú pa kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí káàdì bá wà, tí abẹ́rẹ́ ọdọọdún rẹ̀ sì pé, ọ̀rọ̀ á rọlẹ̀. Kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹni tó bù jẹ lọ sí ọsibítù síbẹ̀, kí wọ́n so ajá síbi tí yóò ti máa jẹun kí wọ́n sì máa wò ó fún ọjọ́ 10. Bí ara rẹ̀ bá ṣì le lẹ́yìn ọjọ́ 10, kò sí dìgbòlugi nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó buni jẹ.

Ọ̀rọ̀ owó àti ìwé ìhágún wá kù. Dókítà ẹran ni mí, n kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ mo ti bi wọ́n léèrè tó. Lójú òfin, dúkìá ni ajá, bí àga, bí ewúrẹ́. Dúkìá kì í jogún dúkìá. Ní Amẹ́ríkà, obìnrin olówó hòtẹ́ẹ̀lì kan, Leona Helmsley, fi mílíọ̀nù 12 dọ́là sílẹ̀ fún ajá rẹ̀, Trouble, nígbà tó kú ní 2007. Kóòtù gé e sí mílíọ̀nù 2. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1889, adájọ́ gbà pé kí owó tí ọ̀gbẹ́ni Dean fi sílẹ̀ máa bọ́ ẹṣin àti ajá rẹ̀, £750 lọ́dún, ṣùgbọ́n ó ní kò sẹ́ni tó lè fi túláàsì mú àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹṣin ò kúkú lè pe ẹjọ́.

Èyí tó rọrùn fún wa ní Mọ̀pà ni kí ẹ kọ ọ́ pé ẹ fún lágbájá ní ajá yín, ẹ sì fún lágbájá yẹn kan náà ní iye owó báyìí. Ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pa pọ̀ nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i lójú yín. Lágbájá àti ìyàwó rẹ̀ ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn yẹn á já sí asán. Bí ẹ ò bá kọ nǹkan kan, àwọn tó bá jogún dúkìá yín ló jogún ajá, wọ́n sì lè tà á. Ẹ sì mọ àwọn tó ń ra ajá kiri, ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe.

Owó tó wà ní báńkì máa ń há títí ìwé àṣẹ kóòtù fi jáde, ìyẹn sì lè gba oṣù púpọ̀. Ajá ò lè gbààwẹ̀ dè é. Ẹ kó owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà lé ẹni yẹn lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ṣì wà láàyè, kí ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀ sí i.

Bí ọmọ yín ní Jámánì bá ní òun lòun máa mú un, ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí èèyàn kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì. A ó kọ́kọ́ fi ṣíìpù (ẹ̀rọ bíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀) sábẹ́ awọ rẹ̀, a ó gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi, ó kéré tán ọgbọ̀n ọjọ́ lẹ́yìn náà la ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, a ó sì tún dúró oṣù 3 láti ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀. Bó bá fẹ́ ẹ lóòótọ́, ìsinsìnyí ni kó bẹ̀rẹ̀.

Bí ajá ò bá jẹun dáadáa fún ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí olówó rẹ̀ lọ, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe. Ti ológbò yàtọ̀. Bí ológbò bá lo ọjọ́ 2 láìjẹun, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, kí wọ́n má dúró rárá, kí wọ́n pè mí. Ilé ni ológbò sì máa ń mọ̀ ju ènìyàn lọ: bí ẹ bá gbé e fún ẹlòmíì, kí onítọ̀hún tì í mọ́lé fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó jẹ́ kó jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fẹsẹ̀ rìn padà sí ilé yín tí wọ́n ti tì pa. Ológbò yín ò tíì gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi bí mo ṣe fura sí i. Ẹ gbé e wá sí Kàbà pẹ̀lú Tanimọ̀la, inú apẹ̀rẹ̀ tó lómọrí ni o, ẹ má gbé e sínú àpò ìrẹsì.