Kí ni ìtumọ̀ "archetype", báwo ló sì ṣe ń tún ọkàn ṣe?

Ìbéèrè: Ṣé oríṣi ìwà tí a fi ń pín èèyàn sí ọ̀wọ́ ni archetype? Báwo ni àwòrán inú ọkàn ṣe lè yí èèyàn padà?

Ìdáhùn: Èdè Gíríìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá: ìbẹ̀rẹ̀ àti ojú àmì tí a tẹ̀ ni wọ́n so pọ̀. Carl Jung (1875–1961), oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Switzerland, ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ nípa ọkàn. Kì í ṣe oríṣi ìwà rárá; ipa àbínibí tí àwòrán inú ọkàn gbogbo èèyàn ń gbà jáde ni. Jung fi í wé ipa odò tó gbẹ: omi lè fi ibẹ̀ sílẹ̀ pẹ́, ṣùgbọ́n tó bá padà dé, ipa àtijọ́ yẹn náà ló máa gbà. Ìyá, arúgbó ọlọgbọ́n, òjìji (ìyẹn ohun tí a kò fẹ́ gbà pé ó wà nínú wa): ipa odò ni wọ́n. Àwòrán tí ẹ rí lójú àlá ni omi, ti oníkálukú sì yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ní "jagunjagun ni mí" ṣì kàn fún ara rẹ̀ lórúkọ ni. Kí àwòrán tó lè yí èèyàn padà, àfi kó jókòó tì í, kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀.

Ohun tí Jung fúnra rẹ̀ ṣe nìyẹn láti 1913, lẹ́yìn tí òun àti Sigmund Freud, oníṣègùn ọkàn tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, pínyà, tí ọkàn rẹ̀ dàrú. Ó lá àlá bàbá arúgbó kan tó ń fò lójú ọ̀run, ìwo màlúù lórí, kọ́kọ́rọ́ mẹ́rin lọ́wọ́, ìyẹ́ rẹ̀ bíi ti ẹyẹ tó ń pa ẹja jẹ. Kò yé e, ló bá yà á sínú ìwé. Ó sọ ọ́ ní Philemon, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn nínú ọgbà. Bàbá yìí ló là á lójú pé kì í ṣe òun ló ń dá gbogbo èrò inú òun: èrò ń wá fúnra wọn bí ẹranko nínú igbó.

Bí ilẹ̀kùn títì bá ń wá sójú àlá yín, ẹ má sáré lọ wá ìtumọ̀. Ẹ dijú, ẹ padà síwájú rẹ̀, ẹ fọwọ́ kàn án. Igi ni àbí irin? Ẹ bi ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ léèrè ohun tó ń fẹ́, kí ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ bó ṣe wá, pàápàá èyí tó bí yín nínú. Ibẹ̀ ni òjìji sábà máa ń wà.

Ẹ má jẹ́ kí ayé òde bọ́ lọ́wọ́ yín o. Jung máa ń rán ara rẹ̀ létí nígbà náà pé òun níyàwó, òun bí ọmọ márùn-ún, àwọn aláìsàn sì ń retí òun. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ kó má dá a ṣe. Kó wá oníṣègùn ọkàn tí yóò jókòó tì í.