Íńhélà Kì í Fi Èémí Kún Èémí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, apòògùn. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 16, ló máa ń sá 400 mítà fún ilé ìwé wọn níbí ní Àkúrẹ́. Kóòṣì wọn ní kí gbogbo wọn máa fa Ventolin, íńhélà tí wọ́n ń fín sẹ́nu, kí wọ́n tó sáré, kí èémí wọn lè gùn. Àwọn kan tiẹ̀ ń gbé oníhóró mì. Nígbà ọyẹ́, tí tèmi bá sáré tán, ó máa ń wúkọ́ títí di alẹ́. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni kó máa fà á? (Ìyá eléré, Ìjọ̀kà)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé "ẹ̀ẹ̀mélòó" tì ná. Ohun tí kóòṣì yẹn gbà gbọ́ nípa oògùn yìí ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Salbutamol ni oògùn tó wà nínú Ventolin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó mú kí iṣan tó yí ọ̀nà èémí ká dẹ̀. Lára ẹni tó ní ásímà, èyí táwọn àgbà ń pè ní ikọ́ sémisémi, iṣan yìí máa ń fún ọ̀nà náà pọ̀, àyà á wá máa súfèé. Oògùn á tú u. Ẹni tí tirẹ̀ kò fún ńkọ́, kí ló fẹ́ tú? Ilẹ̀kùn tó ti ṣí gbayawu, ẹ lè máa taari rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ilé ò ní torí ìyẹn fẹ̀ sí i. Ẹni tí ara rẹ̀ le tó ń mí hẹlẹ lópin 400 mítà, kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ ò ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn lè tì lọ sí ẹsẹ̀, àti bí iṣan ẹsẹ̀ ṣe lè lò ó tó, ni kò lè kọjá ibi tó dé. Íńhélà ò débẹ̀. Wọ́n ti dán an wò léraléra lára àwọn eléré tí kò ní ásímà: ìwọ̀n tí dókítà máa ń kọ kò mú wọn yára. Ọwọ́ gbígbọ̀n, orí fífọ́ àti ọkàn tó ń lù kìkì ni wọ́n máa rí níbẹ̀. Tí wọ́n bá fà á láfàjù, pòtásíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, pajápajá lè mú wọn, lílù ọkàn sì lè dàrú.

Oníhóró tún wá burú jù. Ìtẹ̀ íńhélà kan jẹ́ máíkírógíráàmù 100. Hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 4 jẹ́ 4,000, ìyẹn ogójì ìtẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, inú ẹ̀jẹ̀ ló sì ń gbà dé gbogbo ara. Òun gan-an ló lè ti iṣan lẹ́yìn díẹ̀, ìdí rèé tí WADA, àjọ àgbáyé tó ń gbógun ti fífi oògùn ṣe màgòmágó nínú eré ìdárayá, fi kà á léèwọ̀, ìdíje wà o, kò sí o. Ti olómi náà wà níbẹ̀. Íńhélà ni wọ́n yọ̀ǹda, kò sì gbọdọ̀ ju máíkírógíráàmù 1,600 lọ ní wákàtí 24, tàbí 600 láàárín wákàtí 8: ìtẹ̀ 16, ìtẹ̀ 6. Tó bá ju nánógíráàmù 1,000 lọ nínú mílílítà ìtọ̀ kan, eléré ló máa rojọ́ ara rẹ̀. Alessandro Petacchi, agunkẹ̀kẹ́ ará Ítálì, ní ásímà lóòótọ́, ó tún ní ìwé àṣẹ. Síbẹ̀ wọ́n dá a dúró ní 2008 nítorí iye salbutamol tí wọ́n rí nínú ìtọ̀ rẹ̀ ní ìdíje kẹ̀kẹ́ Giro d'Italia 2007. (Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta clenbuterol, oògùn mìíràn tó jọ salbutamol, fún ọmọ yín, kó sá. Ìyẹn ò ní ìwọ̀n kankan tí wọ́n gbà.)

Ikọ́ alẹ́ tẹ́ ẹ fi há àárín ọ̀rọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ó lè jẹ́ pé ọ̀nà èémí rẹ̀ ń fún pọ̀ tó bá sáré nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ní kó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀rọ kó tó sáré àti lẹ́yìn tó bá sáré. Èmi ò rí ọmọ yín o, ẹ má fi ìwé yìí ra oògùn.

Tí dókítà bá kọ íńhélà fún un, ìtẹ̀ méjì, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ṣáájú eré, ló wọ́pọ̀. Kó mi íńhélà náà jìgìjìgì lọ́wọ́, kó mí síta, kó pa ètè mọ́ ẹnu íńhélà náà pinpin, kó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kó sì sé èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 10. Kó dúró bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú kó tó tẹ èkejì. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ pàìpàì lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, ara ahọ́n ni púpọ̀ rẹ̀ ń lẹ̀ mọ́. Tó bá tún ń wá a ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀ yàtọ̀ sí ti ṣáájú eré, wíwú ti wà nínú ọ̀nà èémí nìyẹn, oògùn mìíràn tó ń mú wíwú lọ ló nílò, kì í ṣe ìtẹ̀ sí i.

Tí kò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí, tàbí ètè rẹ̀ dúdú, ẹ máa fín in fún un lójú ọ̀nà bẹ́ ẹ ṣe ń sáré gbé e lọ. Èyí tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ara wọn ní pápá yẹn, kó dá a padà lónìí.