Èsì: Bioinformatics láìmọ kóòdù, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
Àbúrò, o ní biochemistry lo kà, o wá ń béèrè bóyá kó o kọ́kọ́ ra láptọ́ọ̀pù ńlá kó o tó bẹ̀rẹ̀ bioinformatics, ìyẹn fífi kọ̀ǹpútà yẹ dátà jíìnì wò. Rárá o, má tíì náwó. Galaxy, ìkànnì tí wọ́n ti ń yẹ dátà jíìnì wò láìkọ kóòdù, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà tiwọn ló máa bá ẹ ṣiṣẹ́. Fi jíìnì HBB bẹ̀rẹ̀, èyí tí ara fi ń ṣe apá kan hemoglobin, púrótéènì inú ẹ̀jẹ̀, lọ wá a ní NCBI, ìkànnì dátà jíìnì ti ìjọba Amẹ́ríkà, wo ibi tí lẹ́tà DNA GAG ti ń di GTG lára àwọn tó ní fòníkú-fọ̀la-dìde, lẹ́tà kan ṣoṣo péré o, òun ló ń sọ amino acid kan, glutamate, di òmíràn, valine, nínú púrótéènì yẹn tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ bíi dòjé. Ọjọ́ tí mo fojú ara mi rí i, oorun ò kùn mí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni kó o wá máa kọ́ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, àti Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, díẹ̀díẹ̀. Dátà 1000 Genomes, iṣẹ́ ìwádìí tó ka DNA àwọn èèyàn káàkiri ayé, náà wà ńlẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn Yorùbá Ìbàdàn wà nínú ẹ̀, YRI ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.