Ẹ má mú òkú náà padà sí Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ìwé ìtàn tí ẹ ń kọ ti dúró láti ọdún tó kọjá: Àjàní fi àbúrò rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó dànù lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́, òkú náà wá ń yọ sí i lálaalẹ́, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ máa já a sí.

Lójú tèmi, ibi tí ẹ gbé òkú náà sí ló fa ìdíwọ́. Bí àwọn àgbà ṣe ń sọ ọ́, àkúdàáyà kì í padà sílé. Ìlú tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ, á ṣòwò, á bímọ. Ọjọ́ tí ojúlùmọ̀ bá rí i ló máa pòórá. Ẹ jẹ́ kí àbúrò wà ní Àgbádárìgì, kó máa bó àgbọn lẹ́bàá títì. Bí Àjàní bá yọjú sí i láti tọrọ àforíjì, ó tún pa á nìyẹn. Bó bá fara pamọ́, ẹ̀bi náà á wà lọ́rùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé yín wà.

Mo mọ̀ ọ́n lára. Alẹ́ tí ìyá mi kú, mi ò gbé fóònù. Ọdún 2 ni mo fi ń kọ nípa iwin, tí mi ò kọ nǹkan kan nípa fóònù yẹn. Ọjọ́ tí mo kọ bó ṣe ń tàn, tó ń gbọ̀n lórí tábìlì, ni ìtàn náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ẹ lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀, kí ẹ wo ọwọ́ àwọn tó ń ha ìpẹ́. Ẹ fún àbúrò ní ọwọ́ yẹn, kí Àjàní fi dá a mọ̀ kó tó rí ojú rẹ̀.