A fẹ́ lọ fi ọ̀kọ̀ pa ẹja ní Bahamas: ta ni yóò máa ṣọ́ ta?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, etí omi ni wọ́n bí mi sí, Houston ni mo ń gbé báyìí. Àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ti gba ilé sí Exuma ní Bahamas fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù keje. Ohun tó ń gbé wa lọ ni ká mòòkùn, ká fi ọ̀kọ̀ pa ẹja àti lobster (edé ńlá inú òkun), ká sun ún jẹ lálẹ́. Ọ̀kan nínú wa ní ìwé ẹ̀rí scuba, ìyẹn mímòòkùn pẹ̀lú àgbá atẹ́gùn lẹ́yìn, ó sì ní ìbọn ọlọ́kọ̀ tó fẹ́ mú dání. Èmi lè sé èémí fún ìṣẹ́jú méjì gbáko nínú swimming pool ilé wa. AS ni mí; ṣé ìyẹn lè dí mi lọ́wọ́? Ẹ̀rù shark ń ba ìyàwó mi. Kí ló yẹ ká mọ̀ ká tó lọ?

ÌDÁHÙN

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ìrìn àjò. Kí ìyàwó rẹ fọkàn balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹja ekurá. Ohun tó yẹ kó máa bà á lẹ́rù ni ìṣẹ́jú méjì tí o fi ń yangàn yẹn. Màá dé ibẹ̀. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ òfin kúrò nílẹ̀, torí nǹkan mẹ́ta ló wà nínú lẹ́tà rẹ tó lè gbé yín dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Ìbọn ọlọ́kọ̀ léèwọ̀ ní Bahamas. Kí ọ̀rẹ́ yín fi tirẹ̀ sílẹ̀ ní Houston. Ohun tí òfin gbà kẹ́ ẹ lò ni Hawaiian sling àti pole spear. Sling jẹ́ igi kékeré oníhò tí wọ́n so rọ́bà mọ́: wàá ki ọ̀kọ̀ irin bọ inú ihò náà, wàá fà á sẹ́yìn, wàá sì tú u sílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé ń fi rọ́bà ta ẹyẹ. Pole spear ní tirẹ̀ jẹ́ ọ̀pá gígùn tí rọ́bà wà nídìí rẹ̀, rọ́bà yẹn kì í sì í kúrò lọ́wọ́ ẹni. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, pole spear ni kó mú. Ọ̀kọ̀ tí kò lè fò kúrò lọ́wọ́ rẹ kò lè fò bá ọ̀rẹ́ rẹ.

Èkejì ni lobster. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin títí di ọjọ́ 31 oṣù keje, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú un. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ni wọ́n ń ṣí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ní oṣù keje, bí ẹ bá rí i lábẹ́ àpáta, ẹ kí i kẹ́ ẹ máa lọ, àbí kẹ́ ẹ sún ìrìn àjò yín síwájú. Ẹ̀kẹta, a kì í fi scuba pa ẹja níbẹ̀. Èémí tó bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ ni wàá fi ṣe é.

Ibi tẹ́ ẹ ti máa pa á náà ní òfin tirẹ̀. Ní Exuma, ẹ gbọ́dọ̀ jìnnà tó 200 yáàdì sí etíkun kẹ́ ẹ tó gbé ọ̀kọ̀. Ní New Providence, níbi tí Nassau wà, máìlì kan gbáko ni. Ọgbà òkun ńlá kan sì wà ní Exuma, Exuma Cays Land and Sea Park, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958. Ẹja o, ìgbín òkun o, ìkarahun o, ẹ ò gbọdọ̀ mú ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó bá ń wakọ̀ ojú omi yín fi ibi tí ọgbà náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí hàn yín lórí máàpù. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ àjòjì lẹ fẹ́ lò, ó gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja. Ẹ béèrè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. (Bí ẹ bá gba Nassau kọjá, ẹ yà sí Fox Hill. Àwọn ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú.)

Ó yá, ìṣẹ́jú méjì rẹ. Ta ló máa ń wò ọ́ nígbà tí o bá ń sé èémí nínú pool yẹn? Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, jọ̀ọ́, òní ni kí o jáwọ́. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ kì í lọ jìnnà. Òmùwẹ̀ lomi ń gbé lọ.

Ohun tó ń jẹ́ kí ara máa jà láti mí kì í ṣe pé ọ́síjìn ti tán. Káábọ̀nì dáyọ́ksáìdì tó ń kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀ ló ń ta ọpọlọ jí. Ẹni tó bá ń mí sókè-sódò kíákíá kó tó mòòkùn, bí mo ṣe ń rí i tí àwọn ọmọkùnrin ń ṣe nínú fídíò orí fóònù, káábọ̀nì yẹn ló ń tú dà nù. Ọ́síjìn tó ń fi kún ara kò tó nǹkan. Bó bá wá dé ìsàlẹ̀, ara á tù ú, á rò pé òun ti di ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ọ́síjìn rẹ̀ ń tán lọ lábẹ́ aṣọ.

Jíjìn omi tún ń tan ènìyàn jẹ. Ní mítà 10, agbára tó ń fún ara mọ́ ti di ìlọ́po méjì ti orí ilẹ̀. Ní mítà 20, ìlọ́po mẹ́ta. Ká sọ pé o wà ní mítà 20, tí ọ́síjìn inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ ti fà wálẹ̀ láti ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún sí ìdá 5. Nítorí ìlọ́po mẹ́ta yẹn, bí ẹni pé ìdá 15 ló wà níbẹ̀ ni ara ṣe máa lò ó. Ojú rẹ mọ́ kedere, o ṣì ń wo ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní grouper tó fara pamọ́ sínú ihò. O wá gbéra sókè. Ní mítà 10, ìdá 10 ló kù fún ara. Nígbà tí o bá fi máa yọrí, ìdá 5 náà ni, ọpọlọ kò sì lè fi ìyẹn ṣiṣẹ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé mítà mẹ́wàá tó kẹ́yìn ni ènìyàn sábà máa ń dákú, tàbí lójú omi gan-an, lẹ́yìn tó ti yọrí, tó tiẹ̀ ti rẹ́rìn-ín sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kì í ké, kì í jà. Ó kàn máa rọ ni.

Wàá ní ẹ pọ̀, ẹ jẹ́ mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá gbé ọ̀kọ̀, tí oníkálùkù ń lé ẹja tirẹ̀, kò sẹ́ni tó bá ẹnikẹ́ni lọ. Ìlànà tí mo máa ń fún àwọn tí mo bá ń kọ́ ni pé ọ̀kọ̀ kan ni fún ẹni méjì. Ẹ pín ara yín sí méjì-méjì, ẹ ra ọ̀kọ̀ méjì péré. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ ló ni ọ̀kọ̀. Ẹni tó wà lójú omi ni alóre, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Mo mọ̀ pé wọ́n á kùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kùn. Alóre tó bá ní ọ̀kọ̀ lọ́wọ́, ẹja ni yóò máa wò.

Iṣẹ́ alóre kò le, àmọ́ kò gba ìgbàgbé. Á kọjú sísàlẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára ẹnìkejì rẹ̀. Bí ẹni yẹn bá ti gbéra láti bọ̀ wá sókè, á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ lọ pàdé rẹ̀, wọ́n á jọ yọrí. Nígbà tí wọ́n bá yọrí, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń yíjú sí ọkọ̀, tí wọ́n á ní iṣẹ́ ti parí. Rárá o. Kó máa wo ojú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30: ṣé ètè rẹ̀ ti ń di aró? Ṣé ojú rẹ̀ ń ríran àbí ó kàn là á sílẹ̀? Ṣé ó dá mi lóhùn? Lẹ́yìn náà, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á sinmi, ó kéré tán ìlọ́po méjì àkókò tó lò nísàlẹ̀. Àsìkò ìsinmi yẹn náà ni ọ̀kọ̀ ń bọ́ sí ọwọ́ alóre, ó ku kí wọ́n pààrọ̀ iṣẹ́.

Bó bá wá dákú ńkọ́? Yí ojú rẹ̀ sókè, gbé àgbọ̀n rẹ̀ kúrò nínú omi, tú bẹ́líìtì òjé tó fi ń rì kúrò ní ìdí rẹ̀, jẹ́ kí bẹ́líìtì náà rì lọ. Wọ́n ń ta òmíràn. Bọ́ máàsìkì ojú rẹ̀. Fẹ́ atẹ́gùn sí i lójú, gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, pè é lórúkọ, ní kó mí. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ni kí o pè, kì í ṣe ìnagijẹ. Ọ̀pọ̀ ló máa ń jí láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Bí kò bá mí, fún un ní èémí ẹ̀ẹ̀mejì, ẹnu sí ẹnu, kí o sì máa ké sí ọkọ̀. Bó bá jí, kódà bó ń rẹ́rìn-ín, ó ti parí mímòòkùn fún ọjọ́ yẹn; bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń tu ìfófòó, ilé ìwòsàn ni. Ẹ fi gbogbo èyí dánra wò nínú pool yín kó tó di oṣù keje, ẹ máa ṣe bí ẹni dákú fún ara yín. Ó sì dára ju bẹ́ẹ̀ lọ kẹ́ ẹ gba ẹ̀kọ́ freediving (mímòòkùn láìlo àgbá atẹ́gùn) ọlọ́jọ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ olùkọ́.

Bẹ́líìtì òjé ni èyí tó kù nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá kó òjé jù kí ó lè tètè rì, yóò rì náà nígbà tó bá dákú. Ẹ dán an wò báyìí: dúró ṣánṣán nínú omi, mí èémí síta bí o ṣe máa ń mí, omi kò gbọdọ̀ bo ojú rẹ. Bó bá bò ó, yọ òjé kan.

Etí. Má lo gọ́gù lásán, máàsìkì tó bo imú ni kí o rà, torí imú lo máa fi fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ kó má bàa fa ẹyinjú rẹ. Fún imú pọ̀, ti atẹ́gùn sí etí jẹ́jẹ́, kí o bẹ̀rẹ̀ kó tó dùn ọ́, láti mítà àkọ́kọ́. Bó bá ti dùn ọ́, padà sókè. Kò sí pé mo fẹ́ gbà á mọ́ra. Bí ìlù etí bá ya, tí omi tútù bá wọlé, gbogbo ayé á máa yí po mọ́ ọ lábẹ́ omi, o ò ní mọ ibi tí òkè wà. Ẹni tó ní kàtá, kó jókòó sínú ọkọ̀ kó máa ṣe alóre.

Ọmọ Ìlàjẹ ni ọ́, o mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tó ń fà. Àárín àwọn erékùṣù kéékèèké Exuma ni omi ti ń fà jù. Ìhà ìwọ̀ oòrùn kò jìn. Ìhà ìlà oòrùn, Exuma Sound, jìn ju mítà 1,000 lọ, omi tó bá sì ń fà máa ń gbé ènìyàn lọ sí ọ̀hún. Ẹ mòòkùn nígbà tí omi bá dúró, kí ọkọ̀ má jìnnà, kí àsíá omòòkùn, pupa pẹ̀lú ìlà funfun, wà lókè. Mítà 10 ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpin ní ọdún yìí.

Ọ̀rẹ́ yín onísúkúbà lè fi scuba wo ẹja títí, àmọ́ ọjọ́ tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kó má tún sé èémí mòòkùn mọ́. Naitirójìn tó wà lára rẹ̀ lè di èéhó nínú ẹ̀jẹ̀. Ó kéré tán wákàtí 18 gbọ́dọ̀ wà láàárín scuba rẹ̀ tó kẹ́yìn àti bàálù.

Ekurá wàyí. Wọ́n pọ̀ ní Bahamas, ìjọba sì ti fòfin de pípa wọn láti 2011. Ẹja tí ẹ bá gún ni wọ́n ń wá, kì í ṣe ẹ̀yin. Ẹ má so ẹja mọ́ ìdí. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀kan bá takú, ẹ ju ẹja náà sílẹ̀ fún un, kẹ́ ẹ kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀rù oúnjẹ ló ń bà mí ju ti ekurá lọ. Kúta, tí a ń rà lọ́jà ní Èkó, pọ̀ níbẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ́. Májèlé ciguatera ń ti ara ewé tíntìntín orí àpáta wọ inú ẹja kékeré, láti ibẹ̀ bọ́ sínú ńlá, kúta àti grouper tó ti tóbi jù ló sì ń gbé e pamọ́ jù. Iná kì í pa á, ata kì í pa á, yíyan kì í pa á. Èébì àti ìgbẹ́ gbuuru ló ń kọ́kọ́ wá, ètè á máa ta yìnrìnyìnrìn, omi tútù á máa jó ènìyàn lọ́wọ́ bí iná. Snapper kékeré ni kẹ́ ẹ sun. Lionfish náà dùn, inú àwọn ará ibẹ̀ sì máa ń dùn bí ẹ bá pa á, torí àlejò ni nínú òkun wọn, ó sì ń run ọmọ ẹja. Ẹ̀gún ẹ̀yìn àti ti abẹ́ rẹ̀ ló lóró, kódà lẹ́yìn tó bá kú. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé e. Bó bá gún yín, omi gbígbóná tí ara lè gbà ni kẹ́ ẹ ki ọwọ́ bọ̀, kẹ́ ẹ sì wá dókítà.

Ní ti AS: ọ̀pọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa mímòòkùn kì í torí ẹ̀ dá ènìyàn dúró. Ṣùgbọ́n òùngbẹ àti ṣíṣe ju agbára lọ burú fún ọ ju bó ṣe burú fún ẹlòmíràn lọ, nítorí náà máa mu omi, má fi ọtí àná wọ òkun, kí o sì rí dókítà kẹ́ ẹ tó lọ. SS kò gbọdọ̀ dán an wò rárá, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ní wárápá. Ẹ jókòó, ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó bàálù.